Ẹ Má Ṣe Da Ìrépé Aṣọ Nù

  Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé,  bí gbólóhùn kan bá le fún yín, ẹ fi ìka tẹ̀ lé e, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tí ó ń lé wa.

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ méjì tí a lè máa fi gbádùn ara wa nínú ilé. Èkíní ni híhun aṣọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn méjì. Àwọn ará Lomé tí ó gbọ́ Faransé ń pè é ní tíríkò. Èkejì ni kíkó ìrépé aṣọ jọ, kí a rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora.

Bí èmi ṣe bẹ̀rẹ̀

Zanguéra ni mo ń gbé, ní ọ̀nà tí ó ti Lomé lọ sí Kpalimé. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, oko àgbàdo àti oko ẹ̀gẹ́ ni ó yí wa ká. Lónìí, ilé ti pọ̀. Níbi tí ilé bá pọ̀ sí, aránṣọ a pọ̀ níbẹ̀. Aránṣọ méjì ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn a gbá ìrépé aṣọ jọ, wọn a dáná sun ún. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. N kò fi ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni ìyá mi kú. Nígbà tí a ṣe òkú tán, a pín aṣọ rẹ̀. Àwọn tí ó dára ni gbogbo wa mú. Ó wá ku àwọn ìró àti bùbá tí ó ti gbó, tí ó ti ya. Ẹnì kan ní kí n fi wọ́n nu ilẹ̀. N kò lè fi aṣọ ìyá mi nu ilẹ̀. N kò sì lè wọ̀ wọ́n. Mo kó wọn sínú àpò, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà níbẹ̀ fún ọdún méjì.

Ní ọdún kejì náà, ọmọ mi obìnrin bímọ nígbà ọyẹ́. Ọmọ náà kéré. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé kí a má jẹ́ kí òtútù mú un, kí a dé fìlà fún un. Mo ra súwẹ́tà àtijọ́ kan lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń ta òkìrìkà. Mo tú u, mo bẹ̀rẹ̀ sí í hun fìlà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo kàn fi ojú díwọ̀n ni. Fìlà àkọ́kọ́ kò wọ orí ọmọ. Èkejì bọ́ sí i lójú. Mo tú u lẹ́ẹ̀kẹta.

Ní àkókò yẹn, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Mo mú ìwé mi, mo fi téèpù aránṣọ wọn orí ọmọ, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mo ka ojú òwú, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Fìlà kẹta bá orí ọmọ mu. Ẹ̀yin ará, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ orúkọ mi lọ. Mo rí i pé ohun tí mo kọ́ wúlò fún mi nínú ilé mi.

Nígbà tí mo hun fìlà tán, ọwọ́ mi kò fẹ́ sinmi mọ́. Mo fa àpò aṣọ ìyá mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gé ibi tí ó ṣì lágbára nínú aṣọ kọ̀ọ̀kan. Mo gba ìrépé kún un lọ́dọ̀ àwọn aránṣọ. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń rán an, láti ọyẹ́ kan dé ọyẹ́ kejì. Nígbà tí mo fi parí rẹ̀, ọmọ náà ti ń rìn. Aṣọ ìbora yẹn ni ó ń fi bora títí di òní. Ó máa ń fi ìka kan àwọn ìrépé náà, á ní, "Màmá àgbà, ta ni ó ni èyí?" Èmi a sì máa sọ ìtàn ìyá mi fún un.

Àwọn àgbà ní, "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òótọ́ ni. Àkísà àgbà, ìtàn ni.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa.

Ẹ wo aṣọ òfì tiwa. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń hun ún, a ó wá rán an pọ̀ kí ó tó di odidi aṣọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ńtè àwọn Ewé, tí wọ́n ń hun ní Agotime. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún ní Kétu, ní Ọ̀yọ́ àti ní ibi púpọ̀ mìíràn. Ìrépé lórí ìrépé ni. Bí ọdún ti ń yí, ẹbí a máa fi aṣọ tuntun kún ti àtijọ́.

Ẹ lọ sí Abomey, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ní ààfin àwọn ọba Dahomey, àwọn ọkùnrin ni ó ń gé aṣọ aláwọ̀ sí àwòrán ẹranko, tí wọ́n ń rán an mọ́ aṣọ ńlá. Ẹfọ̀n ni àmì ọba Guézo, tí ó jọba láti ọdún 1818 sí 1858. Kìnnìún ni àmì ọba Glèlè, tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ títí di ọdún 1889. Ẹni tí kò mọ̀wé lè wo aṣọ náà, kí ó sì mọ ọba tí wọ́n ń sọ.

Ní ilẹ̀ Haúsá, ní àríwá Nàìjíríà, àwọn ẹlẹ́ṣin ogun ayé àtijọ́ a máa wọ aṣọ nínípọn fún ẹṣin wọn. Wọ́n á ti òwú àràbà sí àárín aṣọ méjì, wọ́n á wá rán an káàkiri kí òwú náà má bàa ṣí kúrò lójú kan. Lìfídì ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú aṣọ ìbora tí à ń sọ yìí: aṣọ lókè, òwú láàárín, aṣọ nísàlẹ̀, okùn la gbogbo rẹ̀ já.

Híhun pẹ̀lú abẹ́rẹ́ náà, ilẹ̀ Áfíríkà ni a ti rí díẹ̀ nínú èyí tí ó pẹ́ jù lọ. Àwọn ìbọ̀sẹ̀ òwú wà tí a rí ní Íjíbítì, tí wọ́n ti hun láti nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni àwọn míṣọ́nnárì fi irú iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé-ìwé wọn ní etíkun wa. Ó yí ayé ká kí ó tó padà dé ọ̀dọ̀ wa.

Aṣọ Missouri Pettway

Abúlé kan wà ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà. Gee's Bend ni orúkọ rẹ̀. Odò ńlá kan yí i ká ní ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń gbé ibẹ̀. Òtálákà ni wọ́n, oko òwú ni wọ́n sì ń ro. Ní ìgbà òtútù, atẹ́gùn a máa gba àárín pákó ilé wọn wọlé. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa kó aṣọ oko tí ó ti gbó jọ, wọn a rán an di aṣọ ìbora fún àwọn ọmọ wọn.

Ní ọdún 1942, obìnrin abúlé náà kan tí ń jẹ́ Missouri Pettway wà nínú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó kó aṣọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ oko jọ. Ó gé e, ó sì rán an di aṣọ ìbora. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ràn án lọ́wọ́. Ó fẹ́ máa rántí ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí aṣọ ọkọ rẹ̀ máa bo òun.

Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, mo rántí àpò tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Obìnrin yìí kò mọ̀ mí, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Òkun ńlá wà láàárín wa. Ohun kan náà ni ọwọ́ wa ṣe.

Ní ọdún 2002, wọ́n kó aṣọ ìbora abúlé yìí lọ ṣe àfihàn ní ìlú Houston àti ní New York. Àwọn ènìyàn tò láti wò ó. Ní ọdún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà tẹ àwòrán wọn sórí sítáǹbù lẹ́tà. Àkísà oko ni o!

Bí a ṣe ń hun fìlà ọmọ

Ohun tí a nílò kò pọ̀: abẹ́rẹ́ ìhunṣọ méjì, òwú, téèpù aránṣọ, ìwé àti pẹ́ńsùlù. Bí kò bá sí abẹ́rẹ́, ẹ gé ọparun méjì tí ó gùn tó rúlà ilé-ìwé, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju pẹ́ńsùlù lọ. Ẹ fá a kí ó dán, kí òwú má bàa há sí i. Bí kò bá sí òwú tuntun, ẹ tú súwẹ́tà àtijọ́. Ẹ fọ òwú náà, ẹ sá a, kí ó nà.

Ojú ni a ń pe òwú kọ̀ọ̀kan tí ó kọ́ orí abẹ́rẹ́, bí ìgbà tí a bá sọ pé ojú àwọ̀n. Báyìí ni a ṣe ń hun ún. Ẹ ti abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún bọ inú ojú àkọ́kọ́ lórí abẹ́rẹ́ ọwọ́ òsì. Ẹ fi òwú yí ẹnu abẹ́rẹ́ ọ̀tún ká. Ẹ fà á gba inú ojú náà jáde. Ẹ jẹ́ kí ojú àtijọ́ bọ́ kúrò lórí abẹ́rẹ́ òsì. Ó ti di ẹyọ kan. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ dé òpin ìlà, ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ hun kékeré kan wò. Ẹ gbé ojú 20 sórí abẹ́rẹ́, ẹ hun ìlà bíi mélòó kan, kí ẹ wọn ìbú rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ìyẹn ni pé ojú 2 wà nínú sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ wá wọn orí ọmọ. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35, ẹ yọ 3 kúrò, nítorí pé ohun tí a hun máa ń nà. Ó ku 32. Ojú 2 ní ọ̀nà 32 jẹ́ 64. Ojú 64 ni ẹ ó gbé sórí abẹ́rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ hun ún títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ gé òwú náà kí ó ṣẹ́ kù gígùn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fa òwú náà la gbogbo ojú 64 kọjá, kí ẹ fún un pọ̀ bí ẹnu àpò. Ẹ wá rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀. Fìlà dé.

Ẹ máa ka ojú yín ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá di 63, ojú kan ti jábọ́. Ẹ wá a kíákíá, nítorí yóò máa tú lọ sísàlẹ̀. Àwọn àgbà ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Bí a ṣe ń ran aṣọ ìrépé

Ẹ sọ fún aránṣọ àdúgbò yín pé kí ó má sun ìrépé mọ́. Lomé jẹ́ ìlú aṣọ. Àwọn ìyá oníṣòwò àǹkárá tí à ń pè ní Nana Benz ni wọ́n sọ orúkọ ọjà rẹ̀ di ńlá káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Iná jó ọjà ńlá náà ní oṣù kìíní ọdún 2013, àdánù náà sì pọ̀, síbẹ̀ òwò aṣọ kò kúrò ní Lomé. Níbi tí wọ́n bá ti ń ran aṣọ, ìrépé kò lè wọ́n.

Aṣọ òwú ni kí ẹ ṣà. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Èyí tí yóò súnkì, kí ó ti súnkì. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣí, kí ó ti ṣí. Ẹ gé páálí kan tí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12. Páálí yìí ni ẹ ó máa tẹ́ lórí aṣọ láti fi gé e. Nígbà tí ẹ bá rán an, sẹ̀ǹtímítà 1 yóò wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, yóò sì ku 10.

Aṣọ ìbora ọmọdé tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gígùn, ìrépé mélòó ni yóò gbà? Mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní gígùn. Ó jẹ́ 100. Ẹ má jẹ́ kí iye yìí bà yín lẹ́rù. Bí ẹ bá ń ran ìrépé mẹ́ta ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó lé díẹ̀ ní oṣù kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ kọ́kọ́ ran mẹ́wàá mẹ́wàá pọ̀ ní gígùn. Ẹ wá ran gígùn mẹ́wàá náà pọ̀, bí ìgbà tí a bá ń ran òfì. Ẹ tẹ́ ìró àtijọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó nípọn, ẹ fi aṣọ àtijọ́ mìíràn sí àárín. Ẹ wá fi okùn rán an la gbogbo rẹ̀ já káàkiri, kí ó má bàa ká jọ nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́.

Ẹ ṣọ́ra o

Fìlà dára fún ọmọ tuntun, pàápàá nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ipò àyà ìyá. Bí ọmọ bá kéré sí kílò 2 ààbọ̀, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín bí a ṣe ń gbé e sí àyà, kí ara ọmọ kan ara ìyá. Ìlú Bogotá, ní Kòlóńbíà, ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí ní ọdún 1978, ó sì ti gba ọmọ púpọ̀ là káàkiri ayé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kí a má tíì wẹ ọmọ tuntun títí wákàtí 24 yóò fi kọjá, kí òtútù má bàa mú un. Ẹ máa fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ. Bí ó bá ń làágùn, ẹ ṣí fìlà náà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ẹ má ṣe da aṣọ ìbora nínípọn bò ó lójú oorun. Ó lè bo imú rẹ̀. Aṣọ ìbora kò sì lè rọ́pò àwọ̀n ẹ̀fọn.

Òwú súwẹ́tà tí kì í ṣe irun àgùntàn tàbí òwú oko a máa yọ́ bí ọ̀rá bí iná bá kàn án, a sì máa lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sún mọ́ ààrò tàbí fìtílà. Ẹ ka abẹ́rẹ́ yín kí ẹ tó dìde. Abẹ́rẹ́ tí ó sọnù nínú ilé ọlọ́mọ kì í ṣe ohun àfiṣeré.

Kí ni èrè rẹ̀?

Ìyàwó ilé kan bi mí léèrè níjọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló ni ẹ ń tà á?" Mo ní n kì í tà á. Ó ní, "Kí ni èrè rẹ̀ nígbà náà?"

Ìbéèrè náà kò burú. Owó wọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á, kí ó tà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bí bàbá bá ń ta ayò lábẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni ń bi í pé èló ni ó pa nídìí ayò? Rárá. A mọ̀ pé ó ń sinmi. Obìnrin ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti pọnmi, ó ti dáná, ó ti lọ sí ọjà tàbí sí oko. Ṣé òun náà kò yẹ kó ní ohun tí yóò máa dùn mọ́ ọn, tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé èló?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ọkùnrin ni ó ń hun òfì ní Ìsẹ́yìn, ọkùnrin ni ó ń ran aṣọ ààfin ní Abomey, ọkùnrin apẹja ni ó ń di ojú àwọ̀n ní etí òkun Lomé. Abẹ́rẹ́ kò mọ akọ, kò mọ abo.

Bí mo bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú iṣẹ́ mi, àwọn ọmọ a wá jókòó tì mí. Ọ̀kan a máa ka ojú òwú, òmíràn a máa to ìrépé. Àwọn obìnrin àdúgbò a yà, wọn a jókòó. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ní ojú ọjà, wọ́n a sọ ọ́ bí ọwọ́ wọn ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Nígbà mìíràn ẹnì kan a sunkún díẹ̀, á nu ojú rẹ̀, á sì máa ran tirẹ̀ lọ. Èrè rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀la, kí wọ́n tó dáná sun ìrépé ní àdúgbò yín, ẹ mú àpò kan lọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrépé mẹ́wàá péré.

 

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

1. Bí ojú 20 bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, ojú mélòó ni a nílò fún fìlà tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40?
2. Ìrépé oní-sẹ̀ǹtímítà 10 mélòó ni yóò bo aṣọ tí ó jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà méjì ní gígùn?
3. Kí ni ó yẹ kí a ṣe bí ara ọmọ bá ń làágùn nínú fìlà?
4. Aṣọ ta ni ó wà nínú ilé yín tí ẹ kò lè wọ̀, tí ẹ kò sì lè jù nù? Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹgbẹ́.